Àtúnṣe tàbí Àtúnkọ́? Lámèyítọ́ Fọ́nrán Dọkumẹ́ńtárì Kéékèèké lórí Ilé Ìjọsìn Àtijọ́ ní Agbègbè Yewa

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe lámèyítọ́ fọ́nrán dọkumẹ́ńtárì kéékèèké tí ó ń sọ nípa àtúnṣe ilé ìjọsìn àtijọ́, pẹ̀lú àkíyèsí pàtàkì sí agbègbè Yewa ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé ibi tí irú fọ́nrán bẹ́ẹ̀ ti ń fò láti orí àwòrán ilé tí ó ti gbó sí orí àwòrán ilé tí ó ti di tuntun gan-an ni ìtàn ilé náà ti ń sọnù. Iṣẹ́ náà lo èrò Bill Nichols lórí ọ̀nà ìgbékalẹ̀ dọkumẹ́ńtárì, ó sì tún lo ìyàtọ̀ tí èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ṣe láàárín títún ilé ṣe àti títún ilé kọ́. Ó yẹ ìlànà tí ó wọ́pọ̀ nínú àwọn fọ́nrán náà wò láti ojú àwòrán, ohùn àti ẹ̀rí, ó dáhùn àtakò tí ó ṣeé ṣe kí àwọn ìjọ mú wá, ó sì fi ọ̀nà tí fọ́nrán kékeré lè gbà jẹ́ ẹ̀rí tòótọ́ hàn.

Kókó ọ̀rọ̀: dọkumẹ́ńtárì, ilé ìjọsìn, àtúnṣe, àtúnkọ́, Yewa, ẹ̀rí

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Orí òwe yìí ni gbogbo ọlá tí àwọn ènìyàn ń fún fíìmù dọkumẹ́ńtárì dúró lé. Ẹni tí ó bá ka ìtàn ilé ìjọsìn kan nínú ìwé lè ṣiyèméjì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí ògiri ilé náà nínú fọ́nrán, tí ó rí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí ó sì gbọ́ ìró agogo rẹ̀, yóò rò pé òun ti fojú ara òun bá a. Ohun tí ẹni bẹ́ẹ̀ ń gbàgbé ni pé ìròyìn ni fọ́nrán fúnra rẹ̀. Ẹnìkan ló yan ibi tí kámẹ́rà dúró sí, ẹnìkan ló gé àwòrán kan kúrò tí ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ẹnìkan ló sì pinnu ohùn ẹni tí yóò kẹ́yìn ọ̀rọ̀.

Láti ìgbà tí fóònù alágbèéká ti ń ya àwòrán tí ó mọ́ gaara, tí YouTube àti Facebook sì ti di pápá ìpàtẹ, àwọn ìjọ, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú àti àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán ti ń ṣe fọ́nrán kéékèèké lórí ilé ìjọsìn àtijọ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Wọ́n ń ṣe é nítorí àjọ̀dún ìjọ, nítorí ìkówójọ, tàbí nítorí ọjọ́ ìyàsímímọ́ ilé tí wọ́n tún ṣe tán. Àwọn onímọ̀ kì í sábà ka irú fọ́nrán bẹ́ẹ̀ sí ohun tí ó yẹ fún lámèyítọ́. Wọ́n rí i bí ìpolówó, wọ́n sì gbójú kúrò. Àṣìṣe ni èyí. Nígbà tí wọ́n bá wó ògiri alámọ̀ kan tán, tí kò sí àwòrán ilé náà nínú ìwé, tí àgbà tí ó mọ ẹni tí ó kọ́ ọ sì ti papòdà, fọ́nrán ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn lè jẹ́ ìwé kan ṣoṣo tí ó kù nípa ilé náà. Ó yẹ kí a bi í léèrè bí a ṣe ń bi ìwé ìtàn léèrè.

Agbègbè Yewa ni iṣẹ́ yìí dojú kọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ìbéèrè nípa ohun tí ó jẹ́ “àtijọ́” ti le jù. Kì í ṣe fọ́nrán ìjọ kan pàtó ni ó fẹ́ dá lẹ́jọ́. Ìlànà tí ó wọ́pọ̀, tí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń wo irú iṣẹ́ yìí yóò dá mọ̀, ni ó ń yẹ̀ wò.

Yewa àti ìtumọ̀ “àtijọ́”

Títí di 1995, Ẹ̀gbádò ni orúkọ tí ìjọba fi ń pe agbègbè yìí. Ọdún náà ni ó gba orúkọ Yewa, tí í ṣe orúkọ odò ibẹ̀. Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ìdí tí ilé ìjọsìn rẹ̀ fi yàtọ̀ sí ti àwọn ìlú tí ó yí i ká, kí ó kọ́kọ́ wo Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta. Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù Kẹsàn-án 1842. Henry Townsend ti CMS dé síbẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ó sì wọ Abẹ́òkúta ní ìbẹ̀rẹ̀ 1843. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí CMS kọ́ sí Àgbádárìgì, tí ìtàn sọ pé wọ́n parí ní 1845, ṣì wà ní ìdúró. Aké sì ní ilé ìjọsìn tí gbogbo ayé mọ̀ sí ìyá àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì ní Nàìjíríà. Ní irú ibi báyìí, fọ́nrán kò níṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe kí ó tó fi hàn pé ilé náà ti pẹ́. Ọdún wà lára òkúta, orúkọ wà nínú ìwé.

Ọ̀ràn Yewa kò rí bẹ́ẹ̀. Àárín àwọn alágbára ni ilẹ̀ náà wà ní gbogbo ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ogun Dàhòmì run Òkè-Ọ̀dàn ní 1848, ó fọ́ Ìṣàgá ní 1862, ó sì sọ Kétu di ahoro ní 1886. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fẹnu kò lórí ààlà ní oṣù Kẹjọ 1889, Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tí í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀ sì bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ènìyàn sá, wọ́n padà, wọ́n tún ìlú tẹ̀ dó. Ìjọ tí ó bá sì wà láàárín irú ìlú bẹ́ẹ̀ kì í ní ilé kan tí ó dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di òní. Ohun tí ó máa ń ní ni ilẹ̀ kan, orúkọ kan, àti ilé mélòó kan tí ó tẹ̀ lé ara wọn lórí ilẹ̀ náà.

Nítorí náà, “àtijọ́” ní Yewa kì í fi gbogbo ìgbà túmọ̀ sí ògiri àkọ́kọ́. Ó lè jẹ́ ìpìlẹ̀ tí ogiri mẹ́ta ti kọjá lórí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pẹpẹ tí wọ́n gbé láti ilé kan sí òmíràn. Ohun èlò ìkọ́lé pàápàá ní ìtàn tirẹ̀: amọ̀ àti koríko bẹẹrẹ ni ó kọ́kọ́ wà, páànù dé lẹ́yìn rẹ̀, sìmẹ́ǹtì sì wá gba gbogbo rẹ̀. Láti 1960 ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti wà ní Ewékorò, tí kò jìnnà sí Ìlaròó. Ní 2012, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Dangote bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbèṣè, ní àárín ilẹ̀ Yewa gan-an. Kò sí ibi tí ó yẹ kí sìmẹ́ǹtì ti súnmọ́ ọwọ́ ju ibẹ̀ lọ. Fọ́nrán tí ó bá sọ pé ilé kan “ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún” láìsọ èwo nínú àwọn ìpele wọ̀nyí ni ó ń tọ́ka sí kò tíì sọ nǹkankan.

Ohun tí èdè ti yà sọ́tọ̀

Bill Nichols, nínú ìwé rẹ̀ lórí dọkumẹ́ńtárì tí ó jáde ní 2001, pín ọ̀nà ìgbékalẹ̀ dọkumẹ́ńtárì sí mẹ́fà. Mẹ́ta nínú wọn wúlò fún iṣẹ́ yìí. Àkọ́kọ́ ni ọ̀nà aṣàlàyé, níbi tí ohùn kan tí a kò rí ẹni tí ó ni ín ti ń sọ ìtumọ̀ àwòrán fún òǹwòran. Èkejì ni ọ̀nà aṣàkíyèsí, níbi tí kámẹ́rà ti dúró jẹ́ẹ́ tí ó ń wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà alábàáṣe, níbi tí ẹni tí ń ya fíìmù àti àwọn tí ó ń yà ti jọ ń sọ̀rọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀nà àkọ́kọ́ nìkan ni fọ́nrán ilé ìjọsìn ń tọ̀. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní àbájáde: bí ohùn náà bá lo ọ̀rọ̀ kan ní àìtọ́, kò sí ohun mìíràn nínú fọ́nrán náà tí yóò tọ́ ọ sọ́nà.

Ọ̀rọ̀ tí ó sì máa ń ṣì í lò jù ni “àtúnṣe”. Èdè Yorùbá ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀ níbi tí ohùn inú fọ́nrán ń dà wọ́n pọ̀. Ẹni tí ó tún ilé ṣe dí ibi tí ó ń jò, ó rọ́pò igi tí ikán jẹ, ó rẹ́ ògiri tí ó là, ilé náà sì wà bí ó ti wà. Ẹni tí ó tún ilé kọ́ wó o lulẹ̀, yálà tán pátápátá tàbí apá kan, ó sì gbé òmíràn dìde sórí ilẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó sọ ilé di tuntun lè má wó nǹkankan: ó fi táìlì bo ilẹ̀, ó fi àjà tuntun bo igi òrùlé, ó fi ọ̀dà bo ògiri, títí ojú kò fi rí ti àtijọ́ mọ́. Kò sí Yorùbá tí yóò rí bàbá rẹ̀ tí ó ń wó ilé kí ó ní ó ń tún un ṣe.

Ìyàtọ̀ tí èdè ṣe yìí bá ìlànà àwọn onímọ̀ ìtọ́jú ilé àtijọ́ mu. Ìwé ìlànà tí wọ́n fọwọ́ sí ní Venice ní 1964 fi ààlà sí iṣẹ́ àtúnṣe: níbi tí àfọkànrò bá ti bẹ̀rẹ̀, níbẹ̀ ni àtúnṣe gbọ́dọ̀ dúró, ohunkóhun tuntun tí wọ́n bá sì fi kún ilé gbọ́dọ̀ hàn sí ojú pé tuntun ni. Ìwé tí wọ́n kọ ní Nara, ní Japan, ní 1994 gbà pé ohun tí àwùjọ kan kà sí ojúlówó lè yàtọ̀ sí ti àwùjọ mìíràn. Àwọn ìwé méjèèjì yóò padà wá sínú ọ̀rọ̀ yìí.

Láàárín àwòrán méjì

Ìlànà tí ó wọ́pọ̀ nìyí. Fọ́nrán ṣí pẹ̀lú àwòrán tí dírónù yà láti òkè: páànù tí ó ti pọ́n, igi máńgòrò, ọ̀nà eléruku. Duru tàbí dùùrù ń dún lábẹ́lẹ̀. Ohùn sọ orúkọ ajíhìnrere tí ó kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ni ògiri tí ó là, fèrèsé tí ó ṣubú, àga tí ikán ti jẹ. Àlùfáà tàbí alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé sọ̀rọ̀. Lójijì, ohùn orin yí padà, àwòrán sì fò: ògiri funfun báláú, dígí aláwọ̀ mèremère, ilẹ̀ tí ó ń dán, àwọn ìyá ìjọ nínú aṣọ ẹgbẹ́jọdá, rìbọ́ọ̀nù tí wọ́n ń gé. Orúkọ àwọn onígbọ̀wọ́ kọjá, ó parí.

Ibi tí àwòrán ti fò yẹn ni ó yẹ kí lámèyítọ́ dúró sí. Gbogbo ohun tí fọ́nrán náà pe ara rẹ̀ ní àkọsílẹ̀ rẹ̀, ìyẹn àtúnṣe, ibẹ̀ ni ó ti ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ nìkan ni a kò sì rí. Oṣù tàbí ọdún iṣẹ́ ti wọ inú ìṣẹ́jú àáyá kan. Òǹwòran kò mọ̀ bóyá ògiri funfun tí ó ń wò ni ògiri tí ó là ní ẹ̀ẹ̀kan, tàbí bóyá wọ́n ti kó ti àkọ́kọ́ dà sínú kòtò. Fọ́nrán náà kò parọ́. Ó kàn fo ibi tí òtítọ́ wà ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ń bọ́ sínú àlàfo yẹn. Ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà kọ́ ògiri alámọ̀ ni pé wọ́n á po amọ̀, wọ́n á gbé ìpele kan, wọ́n á fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ ń mí: omi tí ó bá fà láti inú ilẹ̀ ń gba ojú ògiri jáde bí oòrùn bá ràn. Bí wọ́n bá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, omi kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Ọ̀rinrin á dúró sí ẹ̀yìn sìmẹ́ǹtì, amọ̀ inú á rọ̀, lẹ́yìn òjò ọdún mélòó kan sìmẹ́ǹtì á bẹ̀rẹ̀ sí í bó, á sì máa fa amọ̀ lẹ́yìn bọ̀. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ògiri tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ti pa ẹnu dé lójú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni ó ń là. Ní ọjọ́ ìyàsímímọ́, ilé tí wọ́n tún ṣe dáadáa àti ilé tí wọ́n ti bà jẹ́ lè ní ojú kan náà níwájú kámẹ́rà. Ọjọ́ tí àwọn fọ́nrán wọ̀nyí yàn láti parí sí ni ọjọ́ tí ìdánwò iṣẹ́ náà kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Àlàfo yẹn náà ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń pòórá. Òkúta ìrántí ara ògiri gba orúkọ bíṣọ́ọ̀bù tí ó fi í lélẹ̀, òpin fọ́nrán gba orúkọ àwọn tí ó dáwó. Bíríkìlà, káfíńtà, àwọn tí ó pọn omi tí ó sì po amọ̀ kò sí níbì kankan. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ pé ó ṣeé ṣe láti ṣe é lọ́nà mìíràn lè wo Notre-Dame ní Paris. Iná jó o ní oṣù Kẹrin 2019, wọ́n sì ṣí i padà ní oṣù Kejìlá 2024. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù tí wọ́n ṣe nípa rẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún yẹn, àwọn káfíńtà tí ń fi àáké gbẹ́ igi ni àwọn ènìyàn rántí jù. Owó tí ó wà nídìí iṣẹ́ náà kò ṣeé fi wé ti ìjọ kan ní Ayétòrò, ṣùgbọ́n kámẹ́rà tí ó yí sí ọwọ́ oníṣẹ́ kò ná ju kámẹ́rà tí ó yí sí ẹni tí ń gé rìbọ́ọ̀nù lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn yìí kan ìtumọ̀ ilé ìjọsìn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ Yorùbá. Nígbà tí ayé bá dárúkọ ogún àṣà agbègbè Yewa àti Kétu, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wọ́n ń rò, èyí tí UNESCO ti bu ọlá fún ní 2001. Wọ́n ka ṣọ́ọ̀ṣì sí ohun àjèjì. Àwọn fọ́nrán sì ń ti èrò yìí lẹ́yìn nípa bíbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Òyìnbó. Ìtàn kò fara mọ́ ọn. Nígbà tí Àlùfáà Kevin Carroll dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ Èkìtì ní 1947, àwọn agbẹ́gilére tí ó bá a ṣiṣẹ́ ni George Bándélé, ọmọ Aréògún, àti Lámídì Fákẹ́yẹ, tí í ṣe Mùsùlùmí. Ọwọ́ ìdílé agbẹ́gilére ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Àjàṣẹ́, ní òdìkejì ẹnubodè, mọ́sáláṣí ńlá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1912 gba ìrísí ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, nítorí àwọn tí ó padà dé láti Brazil àti àwọn ọmọ wọn ló wà nídìí rẹ̀. Ilé ìjọsìn ní ilẹ̀ yìí ti máa ń jẹ́ ibi tí ọwọ́ oríṣiríṣi ti pàdé. Fọ́nrán tí ó bá fi oníṣẹ́ sílẹ̀ ti fi ìdí tí ilé náà fi jẹ́ ti Yorùbá sílẹ̀.

Ohùn ta ni?

Bí àwòrán ṣe ní àlàfo tirẹ̀ ni ohùn náà ní. Nínú ọ̀pọ̀ fọ́nrán, àgbà ìjọ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní èdè abínibí rẹ̀, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta ohùn atọ́kùn á gorí tirẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnu àgbà ń mì, a kò gbọ́ ohun tí ó ń sọ. Ó di àwòrán àgbà dípò ẹlẹ́rìí.

Fún agbègbè Yewa, àdánù yìí pọ̀ ju bí ó ti hàn lọ. Ẹ̀ka-èdè ibẹ̀, láti Ìlaròó dé ọ̀dọ̀ àwọn Ọ̀họ̀rí àti àwọn ará Ìmẹ̀kọ, kò wọ ìwé bí ti Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá. Èdè tí wọ́n fi túmọ̀ Bíbélì, tí wọ́n sì fi ń wàásù, ni ó gbilẹ̀ nínú ìjọ. Nígbà tí àgbà bá ń sọ bí wọ́n ṣe gbé igi òrùlé láti inú igbó, ẹ̀ka-èdè ilé ni ó máa ń bọ́ sí, nítorí pé èdè yẹn ni iṣẹ́ náà fi ṣẹlẹ̀. Orúkọ igi, orúkọ irú amọ̀, orúkọ apá ara ilé: inú ẹ̀ka-èdè ni àwọn wọ̀nyí wà. Ohùn Gẹ̀ẹ́sì kò ní wọn. Yorùbá àjùmọ̀lò pàápàá lè má ní àwọn kan nínú wọn. Àkọlé ìsàlẹ̀ àwòrán yóò jẹ́ kí àlejò gbọ́ ìtumọ̀ láìpa ohùn àgbà mọ́ ọn lẹ́nu. Kò gba owó. Sùúrù ni ó gbà.

Kò sì yẹ kí fọ́nrán bẹ̀rù àìfohùnṣọ̀kan. Bí àgbà méjì bá sọ ọdún méjì fún ìgbà tí páànù gorí ilé, olóòtú a máa gé ọ̀kan kúrò. Olùkọ́ ìtàn kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà alábàáṣe tí Nichols sọ fi àyè sílẹ̀ fún irú nǹkan yìí: kí a gbọ́ àwọn méjèèjì, kí òǹwòran mọ̀ pé ìrántí ni òun ń gbọ́.

Ẹ̀kọ́ Ìṣàgá

Ìṣàgá fi hàn bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ṣe wúwo tó. Nígbà tí Dàhòmì fọ́ ìlú náà ní 1862, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rú. Lára wọn ni Doherty, olùkọ́ni ìjọ CMS níbẹ̀. Láìpẹ́, ìròyìn dé Èkó, ó sì tàn dé ìlú Gẹ̀ẹ́sì, pé wọ́n ti kàn án mọ́ igi ní Dàhòmì. Ìròyìn náà ní gbogbo ohun tí ìtàn ajẹ́rìíkú ń fẹ́. Àwọn tí ó gbọ́ ọ gbà á gbọ́, wọ́n sì tún un sọ. Ṣùgbọ́n Doherty wà láàyè nínú ìgbèkùn. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Kò sí ilé ìjọsìn Ìṣàgá ìgbà náà tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe lónìí. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ṣe fọ́nrán nípa rẹ̀, ìdánwò tí yóò kojú ni pé àwòrán àgbélébùú yóò wu ojú ju àwòrán ọkùnrin kan tí ó padà dé pẹ̀lú ara tí ó ti gbó lọ. Ìdánwò kan náà ni ti ilé tí ó di tuntun. Àwòrán tí ó wuyì kì í fi dandan jẹ́ àwòrán tí ó ṣẹlẹ̀. Ní 1862, ó gba pé kí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ padà dé kí irọ́ náà tó kú. Ògiri tí wọ́n bá ti wó kò lè padà wá jẹ́rìí.

Èkó fi èyí hàn ní tòsí. Ìjọba kéde Ìlọ́jọ̀ Bar, ilé àwọn ará Brazil ní Tinúbú, gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Òfin 1979 tí ó dá àjọ tí ń bójú tó ohun ìrántí sílẹ̀ sì dáàbò bo irú ilé bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n wó o ní oṣù Kẹsàn-án 2016. Àwòrán ni ohun tí ó kù. Àwọn tí ó ya àwòrán irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ìgbà tí ó dára, bí Pierre Verger tí fọ́tò rẹ̀ wà nínú ìwé Marianno Carneiro da Cunha tí ó jáde ní 1985, kò mọ̀ pé àwọn ń kọ ìwé ìhágún. Wọ́n ya òpó, fèrèsé àti ọ̀nà tí ilé gbà wà. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ wọn fi wúlò.

Àtakò àti ìdáhùn

Àwọn ìjọ ní ohun tí wọ́n lè sọ, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Èkíní, ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣe mùsíọ̀mù. Òjò ń jò sórí àwọn àgbà, ìjọ ti pọ̀ ju àyè lọ, àwọn ọ̀dọ́ ń fẹ́ fáànù. Ta ni yóò sọ fún wọn pé kí wọ́n jókòó sínú ilé tí ń wó lọ nítorí ojú àwọn onímọ̀? Òtítọ́ ni. Ìwé Nara náà ti èrò yìí lẹ́yìn: bí ìjọ bá kà á sí pé ilẹ̀, orúkọ àti ìjọsìn tí kò dáwọ́ dúró ni ojúlówó, tí kì í ṣe amọ̀, a kò lè fi ìwé Venice nìkan dá wọn lẹ́jọ́. Kàtídírà Marina ní Èkó pàápàá kì í ṣe ilé àkọ́kọ́ lórí ilẹ̀ rẹ̀; èyí tí ó wà níbẹ̀ lónìí ni wọ́n parí ní 1946, kò sì sí ẹni tí ó ń pè é ní ayédèrú. Ìjọ ní ẹ̀tọ́ láti tún ilé rẹ̀ kọ́. Ohun tí lámèyítọ́ yìí ń béèrè ni pé kí fọ́nrán pe àtúnkọ́ ní àtúnkọ́, kí ó sì fi ti àkọ́kọ́ hàn dáadáa kí ó tó lọ.

Èkejì, wọ́n lè ní ìkówójọ ni fọ́nrán wà fún, àwọn ọmọ ìjọ tí ó wà ní London tàbí Houston kò ní dáwó fún àwòrán amọ̀ tí ń gbẹ. Èyí kò dájú tó bí wọ́n ṣe rò. Ẹni tí ó ti pẹ́ ní òkè òkun ń wá ohun tí ó mọ̀. Ògiri funfun àti táìlì kún ibi tí ó ń gbé. Ilẹ̀kùn tí bàbá rẹ̀ àgbà kàn, tí ọwọ́ ti fọwọ́ kàn títí ó fi ń dán, ni kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, àkókò kúrú. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò lè gba gbogbo ìtàn. Bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí náà, kí ó má gbìyànjú láti gbà á.

Ohun tí fọ́nrán kékeré lè ṣe

Agbára fọ́nrán kékeré wà nínú yíyan ohun kan. Dípò ìtàn ìjọ láti ọjọ́ ajíhìnrere títí di òní, kí ó mú ilẹ̀kùn kan, agogo kan, tàbí ògiri kan. Kí káfíńtà yọ ilẹ̀kùn náà níwájú kámẹ́rà, kí ó fi ibi tí ikán jẹ hàn, kí ó sọ orúkọ igi náà, kí ó sọ ohun tí yóò dá padà àti ohun tí yóò rọ́pò. Kí àgbà kan jókòó tì í, kí ó sọ ẹni tí ó kàn án, ní ẹ̀ka-èdè rẹ̀. Ọ̀nà aṣàkíyèsí àti ọ̀nà alábàáṣe yóò ti pàdé láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ohùn aṣàlàyé kò sì ní rí ju gbólóhùn méjì sọ lọ.

Lẹ́yìn èyí, ohun mẹ́rin ni ó yẹ kí aṣelámèyítọ́ máa béèrè lọ́wọ́ irú fọ́nrán bẹ́ẹ̀. Ṣé ó fi iṣẹ́ hàn, àbí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin nìkan? Ṣé ó ya àtúnṣe sọ́tọ̀ kúrò lára àtúnkọ́? Ṣé a gbọ́ ohùn ẹlẹ́rìí títí dé òpin ọ̀rọ̀ rẹ̀? Ṣé orúkọ àwọn oníṣẹ́ wà níbi tí orúkọ àwọn onígbọ̀wọ́ wà? Bí ó bá tún ṣeé ṣe, kí kámẹ́rà padà lọ lẹ́yìn òjò ọdún méjì, kí ó wo ìsàlẹ̀ ògiri. Ìṣẹ́jú kan tí wọ́n bá fi kún fọ́nrán nígbà náà yóò sọ ohun tí gbogbo ọjọ́ ìyàsímímọ́ kò lè sọ.

Ipa àwọn ilé ẹ̀kọ́ kò kéré nínú èyí. Ilé ẹ̀kọ́ gíga wà ní Ìlaròó àti Ayétòrò. Ní Àjàṣẹ́, tí kò jìnnà, ilé ẹ̀kọ́ kan wà láti 1998 tí ó ń kọ́ni ní ìtọ́jú ogún àṣà Áfíríkà. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí ó ń ṣe ìwádìí lórí ẹ̀ka-èdè àti ọ̀dọ́ ayàwòrán tí ìjọ gbà síṣẹ́ ń lọ bá àgbà kan náà, láìmọ ara wọn. Bí wọ́n bá jọ lọ, fọ́nrán náà yóò ní àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ àgbà ní kíkún, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì ní ohùn àti àwòrán.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé fọ́nrán dọkumẹ́ńtárì kéékèèké lórí ilé ìjọsìn àtijọ́ kì í ṣe ìpolówó lásán. Ìwé ẹ̀rí ni, ní agbègbè Yewa tí ogun, ààlà àti sìmẹ́ǹtì ti pa ọ̀pọ̀ ẹ̀rí mìíràn rẹ́, ó sì lè jẹ́ ìwé ẹ̀rí ìkẹyìn. Àléébù rẹ̀ tí ó tóbi jù ni àlàfo tí ó fi sílẹ̀ láàárín ilé gbígbó àti ilé tuntun, níbi tí iṣẹ́, oníṣẹ́, ẹ̀ka-èdè àti òtítọ́ nípa àtúnkọ́ ti ń bọ́ sọnù. Ìjọ ní ẹ̀tọ́ sí òrùlé tí kò jò. Àwọn ọmọ tí yóò jókòó lábẹ́ òrùlé náà ní ẹ̀tọ́ láti mọ irú èyí tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti ọwọ́ ẹni tí ó gbé e lé ibẹ̀. Kámẹ́rà lè sìn wọ́n méjèèjì, bí ẹni tí ó gbé e bá dé sí ibi iṣẹ́ kí bíríkìlà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ògiri.